Igi Tí A Kò Kó Sínú Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ igbó ni mo gbé wá bá yín, ṣùgbọ́n èbúté Warri ni n ó ti mú un, nítorí ibi tí wọ́n bá ti ń di ẹrù àwọn ará ilé kan ni àlejò ti ń mọ ohun tí ó wà nínú yàrá wọn.

Ọkọ̀ tí ó bá ń ti òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ wá sí Warri kì í tètè rí ìlú náà. Ẹnu odò Escravos tàbí ti Forcados ni yóò gbà wọlé, yóò sì máa yí kọ́lọkọ̀lọ lójú omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí igbó yóò dúró tì í ní ọ̀tún àti ní òsì, igbó tí kò ní ilẹ̀ gbígbẹ lábẹ́, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì yọ sókè ẹrọ̀fọ̀, kí ó tó di pé ó rí òrùlé ilé ìkẹ́rùsí àti ọrùn gígùn àwọn ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù. Ìlú tí àwọn Itsekiri, àwọn Urhobo àti àwọn Ijaw jọ ń gbé ni Warri. Àwọn Itsekiri, tí ìtàn wọn sọ pé Ginuwa ọmọ ọba Bìní ni ó dá oyè Olú wọn sílẹ̀, sì jẹ́ ìbátan àwa Yorùbá ní ti èdè, débi pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ tí ará Ìlàjẹ bá fara balẹ̀ tẹ́tí, kì í ṣe díẹ̀ ni yóò gbọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ìlú onílùú ni mo ń sọ. Ọ̀nà omi tí ó ti Warri gba odò Benin kọjá ni ó wọ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ó sì ń bá a lọ títí dé ọ̀sà Èkó. Bí ará ilé ẹni bá sì ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Láti ìgbà tí òwò ti dé ẹ̀bá odò yìí, ohun tí ó bá jáde láti inú igbó ni a ń kà, òun ni a ń díye lé, òun ni a ń gba owó ibodè lé lórí. Ohun tí ó bá dúró sínú igbó, òfo ni akọ̀wé ń kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ikú igbó ti ń wá, ju ọ̀nà àáké àti ayùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn Nana Olomu ṣe ẹ̀rí. Olówó ńlá ni Nana nínú òwò epo pupa, ẹni tí àwọn òyìnbó fúnra wọn fọwọ́ sí ní 1884 gẹ́gẹ́ bí gómìnà odò Benin, kí ọ̀rọ̀ tó dojú rú láàárín òun àti wọn. Ẹ̀yìn igbó inú omi ni ó kọ́ ìlú rẹ̀, Ebrohimi, sí. Ọ̀nà odò tí ó wọ ibẹ̀ tóóró, ó sì tún fi ìtì igi dí i. Nígbà tí ogun dé ní 1894, àwọn ọmọ ogun ojú omi ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òkìkí wọn kàn yí ayé ká, dé iwájú igbó náà, wọn kò sì rí ìlú tí wọ́n fẹ́ yin ìbọn sí. Ọkọ̀ wọn kan tí ó ṣe àyà gbàǹgbà wọ inú odò tóóró náà jẹ ọta àgbá, àwọn tí ó sì fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, ẹrọ̀fọ̀ gbà wọ́n lálejò. Inú oṣù kẹjọ ni ìjà náà ti bẹ́ sílẹ̀, ó di ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án kí Ebrohimi tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n kó Nana lọ sí ìgbèkùn ní Accra, kò sì padà wálé títí di 1906. Ilé tí ó kọ́ sí Koko lẹ́yìn ìpadàbọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń lọ wò ó. Àwọn òpìtàn a máa ka iye ìbọn tí Nana kó jọ. Ní tèmi o, balógun tí ó pẹ́ jù lójú ogun fún un ni igi tí kò gbìn, tí kò bọ́, tí kò sì sanwó oṣù fún.

Igi ẹ̀gbà ni mo ń wí. Ẹ̀gbà ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, adúró-sínú-ẹrọ̀fọ̀-má-rì, amu-omi-iyọ̀-má-kú, ẹni tí òkun ń gbá tí kò kúrò lójú kan. Àwọn gbòǹgbò rẹ̀ tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ jáde láti ara igi, wọ́n sì ní ihò wínníwínní tí wọ́n fi ń mí, nítorí pé ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n dúró sí kò ní afẹ́fẹ́. Bí omi òkun bá kún wọlé, ẹja a bá a wọlé. Bí ó bá fà, akàn a jáde wá jẹ ewé tí ó já bọ́. Ara gbòǹgbò wọ̀nyí ni ìsán ń lẹ̀ mọ́, àárín wọn sì ni ọmọ ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń sá sí kí ẹja ńlá má baà gbé e mì. Púpọ̀ nínú edé àti ẹja tí ẹ ń ná lọ́jà Warri tàbí lọ́jà Igbókòdá ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀gbà. Ìyá tí ó bá ń sọ pé ẹja ti wọ́n, igbó ni ó ń ròyìn bí kò tilẹ̀ mọ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà tí igbó ẹ̀gbà rẹ̀ tó ti Nàìjíríà, ibi tí ó sì pọ̀ sí jù ni agbègbè ẹnu odò Ọya yìí. Àwọn onímọ̀ sọ pé ẹrọ̀fọ̀ abẹ́ rẹ̀ ń pa afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná mọ́ sínú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, bí wọn kò bá tú u.

Ibi tí omi iyọ̀ bá tán ni igbó omi dídùn ti bẹ̀rẹ̀, ilé abura àti ilé ògùrọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni igbó orí ilẹ̀ gbígbẹ wà, níbi tí ìrókò Olúwéré gbé jọba, tí ọ̀gànwó, arère àti afàrà sì jẹ́ ìjòyè rẹ̀. Igbó wọ̀nyí ni ó sọ Sapele, tí kò jìnnà sí Warri, di ìlú pákó, tí ó fi jẹ́ pé títí di òní olónìí, igi kan wà tí àwọn oníṣòwò pákó káàkiri ayé ń fi orúkọ ìlú náà pè. Ní àwọn ọdún 1940 ni ilé-iṣẹ́ African Timber and Plywood, tí ó jẹ́ ti UAC, gbé ẹ̀rọ ńláńlá kalẹ̀ síbẹ̀. Wọn a gé igi lókè odò, wọn a so ìtì mọ́ ìtì, àwọn awakọ̀ omi a sì máa tì í bọ̀ lójú omi, tí wọ́n ń dáná lórí rẹ̀, tí wọ́n ń sùn lórí rẹ̀, títí yóò fi gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àga, ilẹ̀kùn àti àjà ilé ní ilẹ̀ òyìnbó ni ó jẹ́ ọmọ bíbí igbó wa. Kí ìjọba tó fòfin de kíkó ìtì igi ránṣẹ́ sí òkè òkun ní 1976, èyí tí ó dára jù ti lọ.

Kí a má purọ́ mọ́ni, àwọn tí wọ́n gbé igi náà lọ sanwó. Ìwọ̀n ìtì ni wọ́n fi san án. Ti òjìji rẹ̀, ti ẹyẹ tí ń tẹ́ ìtẹ́ sí i, ti odò tí ó ń bò kí oòrùn má fà á gbẹ, ta ni ó sanwó rẹ̀, ta ni ó sì gbà á?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé igbó tí ó ti lọ ti lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa igbó Okomu ní ìpínlẹ̀ Edo, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti 1912, tí apá kan rẹ̀ sì ti di ọgbà ẹranko àpapọ̀ láti 1999. Níbẹ̀ ni ọ̀bọ ọlọ́fun funfun, tí kò pọ̀ níbòmíràn láyé, ṣì wà, àti erin igbó díẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò rò pé láti ìgbà ìwásẹ̀ ni àwọn igi náà ti wà, pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rí. Ní àwọn ọdún 1950, onímọ̀ igbó kan tí ń jẹ́ E. W. Jones gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ wọn wò, èédú àti àpáàdì ni ó bá níbẹ̀. Àwọn tí ó tọpa rẹ̀ lẹ́yìn wá sọ pé nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn ni èédú náà ti wà. Èyí ni pé oko ni ibẹ̀, àwọn ènìyàn ti dáná síbẹ̀, wọ́n ti fọ́ ìkòkò síbẹ̀, wọ́n sì ṣí lọ. Ìgbà tí wọ́n lọ ni igbó padà. Ṣùgbọ́n igbó kò dá padà. Àgbìgbò gbé èso wá láti igbó kejì, erin jẹ òmíràn ó sì yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà, igi àgbà tí ó kù ní ẹ̀gbẹ́ fọ́n irúgbìn tirẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ẹyẹ bá tán, tí ẹranko tán, tí igbó tí yóò yá ni ní irúgbìn náà tán, 700 ọdún yóò kọjá lórí ilẹ̀ náà kí koríko má kúrò níbẹ̀.

Ohun tí ó sì ń pa àwọn tí ń yá ni ní irúgbìn wọ̀nyí ni epo. Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì tí ó tó tà ní Oloibiri, ní 1958 ni wọ́n kó àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, ní 1978 sì ni ilé ìfọpo Warri ṣílẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, ẹrù tí ó ń gba èbúté yìí kọjá ti di páìpù, ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ àti irin, pákó sì di ìtàn. Àwọn àgbà wí pé ọwọ́ epo ni ayé ń báni lá, ayé kì í báni lá tẹ̀jẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ni ó bá Warri lá ọwọ́ epo, àwọn tí ń gbé inú igbó ni wọ́n fi èkejì sílẹ̀ fún. Bí epo rọ̀bì bá tú sínú omi, ara gbòǹgbò ẹ̀gbà ni ó ń lẹ̀ mọ́, yóò sì dí ihò tí igi náà fi ń mí. Iná gáàsì ń jó lóru, òru kò sì mọ ara rẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, ó dà bí ẹni pé odò tí wọ́n gbẹ́ ba nǹkan jẹ́ ju epo tí ó dà sílẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń pariwo rẹ̀. Kí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ìwapo lè ráyè kọjá, àwọn ilé-iṣẹ́ epo la ọ̀nà omi tuntun láàárín igbó, wọ́n sì jẹ́ kí òmíràn nínú rẹ̀ já sí òkun gbangba. Omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé sí ibi tí kò dé rí. Ní Tsekelewu ní ìpínlẹ̀ Delta àti ní Awóyè ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, igbó omi dídùn gbẹ lórí ìdúró, abura kú, ògùrọ̀ kú, ẹja àrọ̀ àti ẹ̀pìyà sá lọ, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ Awóyè lọ títí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣí ilé wọn sẹ́yìn léraléra. Kò sí ẹni tí ó gé igi kankan níbẹ̀. Omi nìkan ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.

Níbi tí ẹ̀gbà bá ti kú, àlejò kan wà tí ń jogún rẹ̀. Ọ̀pẹ inú omi tí wọ́n ń pè ní Nypa ni. Ìlú Singapore ni ìjọba òyìnbó ti mú un wá sí Calabar ní 1906, wọ́n sì gbìn ín sí Oron ní 1912, pẹ̀lú èrò rere pé yóò di etí odò mú. Èso rẹ̀ ń léfòó, ìgbì omi ń gbé e káàkiri, ó sì ti ń ti ìlà oòrùn bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa láti ìgbà náà. Gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, kò nà sókè, ìsán kò rí ibi lẹ̀ mọ́, ọmọ ẹja kò rí ibi sá sí. Ẹni tí ó bá wò ó láti inú ọkọ̀ yóò rí ewé tútù lọ rẹrẹẹrẹ, yóò sì sọ pé igbó kún. Ẹni tí ó bá da àwọ̀n síbẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ilé ṣófo.

Nínú àwọn igbó omi dídùn tí ó kù ní Delta àti Bayelsa ni ẹdun pupa kan ń gbé, tí àwọn Ijaw ti mọ̀ láti ayébáyé tí wọ́n sì ń pè ní epieni, ṣùgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kò fún ní orúkọ nínú ìwé wọn títí di 1999. Láàárín ìgbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ àti ìsinsìnyí, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ẹranko tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun pátápátá. Abura wà lára igi tí ó ń jẹ ewé rẹ̀, abura sì ni àwọn agégi ń wá. Ìdílé tí ó ń bí ìbejì láàárín wa, tí ó ń ki Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè irú ìbátan tí a jẹ́ sí ẹdun tí a fi lè jókòó kí ó parẹ́ lójú wa. Erinmi kékeré tí ń gbé ẹnu odò Ọya ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ: agbárí díẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń jẹ́ Heslop kó jọ ní àwọn ọdún 1940 ni a fi mọ̀ pé ó wà rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo owó. Ìwé òfin 1999 sọ pé kì í dín ní 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó ohun àmúṣọrọ̀ inú ilẹ̀ ni kí ó padà sí ìpínlẹ̀ tí ó ti jáde, Delta ń gba tirẹ̀, Oǹdó náà sì ń gba tirẹ̀ nítorí epo Ìlàjẹ. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó ń sanwó fún: ohun tí ó jáde ni. Abúlé tí igbó rẹ̀ dúró, tí kò jẹ́ kí wọ́n gé ẹ̀gbà kan, kò ní kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ nítorí ìyẹn. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga epo sí àárín igbó náà lọ́la, owó dé.

Àìrìn pọ̀ ni àìmọ̀dí. Costa Rica, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, tí kò ní kànga epo kankan, ti gé igbó rẹ̀ lulẹ̀ fún pápá màlúù títí ó fi ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà ní àwọn ọdún 1980. Lónìí, igbó ti padà bo ìdajì ilẹ̀ wọn kọjá. Ní 1996 ni wọ́n ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ igbó di nǹkan mìíràn mọ́, wọ́n sì ń san owó lọ́dọọdún fún àgbẹ̀ tí ó bá jẹ́ kí igi dúró lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ibi tí owó náà ti ń wá: lára owó orí epo ọkọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Àwọn tí ń ra epo ń fi epo bọ́ igbó, àwa tí a ni epo ń fi igbó bọ́ epo! Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín pé iye tí ẹran màlúù ń tà lọ́jà àgbáyé ti já wálẹ̀ kí òfin náà tó dé, tí ọ̀pọ̀ darandaran sì ti fi pápá sílẹ̀. Owó nìkan kọ́ ni ó gbé igbó náà dìde. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí àgbẹ̀ lè fi ọwọ́ lérán, kí ó má gé e lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ilẹ̀ elépo kò lè ṣe irú rẹ̀. Gabon, ọmọ Áfíríkà bí àwa, epo ni ó ń jẹ. Síbẹ̀ igbó bo nǹkan bí 88 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ rẹ̀, ní 2002 ó ya ọgbà ẹranko 13 sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní 2021 sì ni Norway, tí òun náà ń wa epo, san mílíọ̀nù 17 dọ́là fún un nítorí igi tí kò gé. Òótọ́ ni pé ènìyàn Gabon kò pọ̀ tó ti ìpínlẹ̀ Delta nìkan, ìrọ̀rùn sì wà nínú ìyẹn.

Ohun tí ó le jù nínú ọ̀rọ̀ wa ni ẹni tí owó náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Àgbẹ̀ Costa Rica ń mú ìwé ilẹ̀ rẹ̀ lọ gba tirẹ̀. Nílẹ̀ wa, òfin ilẹ̀ ti 1978 kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, apẹja tí baba ńlá rẹ̀ ti ń na àwọ̀n sí etí igbó ẹ̀gbà kan kí ọkọ̀ òyìnbó tó dé kò sì ní pépà kankan tí ó lè fi hàn. Bí a bá sanwó fún ìjọba, a mọ ibi tí yóò parí sí. Bí a bá sanwó fún baálé nìkan, ìjà ni a gbìn. Èrò tèmi ni pé kí abúlé forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, kí gómìnà fún ẹgbẹ́ náà ní ìwé lórí igbó tí ó yí i ká, kí wọ́n máa fi àwòrán tí ẹ̀rọ ojú ọ̀run ń yà wò ó lọ́dọọdún bóyá igbó náà ṣì dúró, àti pé ẹ̀gbà ni ó dúró, kì í ṣe Nypa, nítorí àwòrán láti òkè lè tan ni jẹ lórí ìyẹn, ó di dandan kí ẹnìkan wọ ọkọ̀ lọ wò ó. Kí wọ́n sì ka owó náà lójú ọjà, níṣojú tọkùnrin tobìnrin, pàápàá àwọn obìnrin tí ń yan ẹja, nítorí igi ẹ̀gbà ni wọ́n ń dá sábẹ́ ààrò, bí wọn kò bá sì rí igi mìíràn dáná, gbogbo ètò yìí kò ní pẹ́ kí ó tó fọ́.

Mi ò ní kí wọ́n gbé owó orí tuntun ka ẹnikẹ́ni lórí. Nínú 13 tí ń wọlé sí Àsàbà, tí ń wọlé sí Àkúrẹ́, tí ń wọlé sí Yenagoa, ẹyọ kan péré ni mo ní kí wọ́n yọ sọ́tọ̀ fún igi tí a kò kó sínú ọkọ̀. Àwọn aṣòfin tí a dìbò fún ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ni ọwọ́ tí wọn yóò fi kọ ọ́ sínú ìwé ìṣúná. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi ni ẹ mọ ilé wọn.